Ọ̀dà Dúdú Lójú Oòrùn

Fáànù tó yẹ kó máa fẹ́ iná ààrò yí lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ̀n, ó dúró. Ìyá Rachel, tó ń yan ẹja tà l'Óde-Omi, bẹ̀rẹ̀ síbi ààrò, ó fi ẹnu fẹ́ iná bó ti ń fẹ́ ẹ láti ọgbọ̀n ọdún. Èéfín rọ́ lù ú. Ó nu ojú rẹ̀ tó ti pọ́n.

"Dókítà, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Bóyá ọ̀nà Àgọ́-Ìwòyè ló rẹ̀ ẹ́."

Ọ̀mọ̀wé Adéníran bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọ̀rá tó tẹ́ sójú oòrùn, tí wáyà rẹ̀ wọnú fáànù. Ọdún márùn-ún ló ti fi ṣe ọ̀rá yìí ní yunifásítì: ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ṣeé ká bí ẹní, tó ń sọ oòrùn di iná mànàmáná, tí owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti onígíláàsì. Ẹyọ kan yìí ló ní. Láàárín wákàtí kan, ọkọ̀ ojú omi yóò gbé àwọn àlejò dé, àwọn tí yóò pinnu bóyá iṣẹ́ náà yóò máa lọ tàbí yóò parí síbẹ̀. Oòrùn sì rèé, ó mú hanhan.

Ó yẹ wáyà wò. Ó yẹ fáànù wò. Ó bú ẹni tó tà á fún un.

"Ṣé ó ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá?" ni Ìyá Rachel bi í.

"Ó ṣiṣẹ́ dáadáa, mà."

"Kí lẹ wá fi kún un?"

Ọ̀mọ̀wé wolẹ̀. Lánàá ló gbé e lọ bá akọsáìnì kan l'Ókè-Agbo, tó ní kó fi ọ̀dà dúdú kọ ọ́ gàdàgbà láti etí dé etí: ÀWÁRÍ Ọ̀MỌ̀WÉ GBỌ́LÁHÀN ADÉNÍRAN, kí kámẹ́rà má baà fojú fò ó. Ó tilẹ̀ ní kó tún Ọ̀MỌ̀WÉ tẹ̀ kó dúdú sí i. Òun tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé òjìji ewé kan ṣoṣo lè pa iná gbogbo ọ̀rá!

"Orúkọ mi ni, mà. Òun ló ń dí oòrùn."

Ìyá Rachel kò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn gan-an ló dun Ọ̀mọ̀wé. Obìnrin náà fa ọ̀bẹ ẹja yọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà! Bó bá ya, ó tán."

"Kí wọ́n tó bí yín ni mo ti ń ha ìpẹ́ ẹja. Awọ kan ò ya mọ́ mi lọ́wọ́ rí. Ẹ dì í mú."

Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé na ọ̀rá náà sórí pákó, ó dì í mú. Ẹ̀yìn ọ̀bẹ ni obìnrin náà fi ń ha á, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láti ìdí lọ sí orí. Ọ̀dà ń re dànù. ÀWÁRÍ lọ. Ọ̀MỌ̀WÉ lọ. GBỌ́LÁHÀN lọ. Nígbà tó kan ADÉNÍRAN, ọwọ́ ẹni tó ni ín ń làágùn.

Fáànù yí. Èédú pọ́n yòò.

Àwọn àlejò dé, wọ́n wò, wọ́n ya fọ́tò iná àti ẹja. Olórí wọn ní kí iṣẹ́ máa lọ. Kò sẹ́ni tó béèrè ẹni tó ṣe é, Ọ̀mọ̀wé náà kò sì sọ.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, Ìyá Rachel fi ọwọ́ ti ìbàdí, ó dìde, ó nà tán. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Ọ̀mọ̀wé ti wá sídìí ààrò yìí. Òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé obìnrin náà ga ju òun lọ.