Táìlì Tó Jókòó sí Ipò Wúrà

Ní Catania, nílẹ̀ Ítálì, granita, yìnyín dídùn tí wọ́n ń fi ṣíbí jẹ, kì í dúró de ẹnì kan. Bí o bá ní kó mú sùúrù, omi lo máa mu. Ìdí nìyẹn tí Ersilia Privitera, akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì tó ń wá oyè ọ̀mọ̀wé, fi sáré dìde nídìí ẹ̀rọ láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí.

Àfọ́kù ni wọ́n ń kà jẹun níbi iṣẹ́ wọn. Wọ́n á fi ẹ̀rọ ńlá sọ kóró inú átọ́ọ̀mù kan lu òmíràn, kò ní jẹ́ sísọ ọ̀lẹ, kò sì ní jẹ́ èyí tó máa lọ̀ ọ́ kúnná. Wọ́n á wá máa wo ibi tí àfọ́kù kọ̀ọ̀kan fò sí. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ gbé táìlì kékeré kan, tó máa ń tàn bí ẹ̀rọ bá ta lù ú, sójú ọ̀nà. Bí táìlì bá tàn, wọ́n mọ̀ pé ibi tó yẹ ni ẹ̀rọ ń ta sí. Wọ́n á wá tẹ bọ́tìnnì kí táìlì yẹra, kí wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fẹ́ lù gan-an bọ́ sípò rẹ̀.

Ersilia gbé táìlì sí i. Táìlì tàn. Granita dé.

Ọjọ́ ìkẹyìn tí wọ́n fún un lórí ẹ̀rọ náà sì nìyẹn o. Àwọn ọjọ́ yòókù ti bá àìlera ẹ̀rọ lọ. Bí kò bá rí àfọ́kù gidi kà, kò ní di ọ̀mọ̀wé mọ́.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ariwo ti ta. Gbogbo àfọ́kù ń sáré lọ síwájú, agbára káká ni ọ̀kan fi ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ta ló rí irú ẹ̀ rí lára wúrà? Ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Orazio Scuderi, tí kò rẹ́rìn-ín mọ́ láti ìgbà tí dókítà ti gba sìgá lọ́wọ́ ẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ó fi àwòrán ohun tí wọ́n rí ránṣẹ́ sí Lemarchand, orogún rẹ̀ ní Normandy nílẹ̀ Faransé, kí oúnjẹ ọ̀sán má baà lọ lọ́fun ìyẹn. Ó wá mú kóòtù tó ti fi bo ojú tẹlifíṣàn kan láti àárọ̀, kó wọ̀ ọ́ lọ bá ọ̀gá àgbà. Inú ẹ̀rọ ni tẹlifíṣàn náà ń fi hàn. Ersilia gbójú sókè, ó rí táìlì tó jókòó pẹ̀sẹ̀, tó ń tàn.

Ó rántí pé òun ò tẹ bọ́tìnnì. Ó rò ó pé kóun panu mọ́. Ṣebí irọ́ a máa lọ fún ogún ọdún kí òótọ́ tó bá a; kó tó bá a, òun á ti gbàwé òun. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í, ìtìjú náà sì ju ẹ̀rù lọ.

“Prof, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ kóòtù yẹn. Táìlì la ti ń lù látàárọ̀. Èmi ni mo gbàgbé.”

Scuderi wo tẹlifíṣàn, ó wo Ersilia.

“Kí lò ń ṣe tó o fi gbàgbé?”

“Granita ni mò ń jẹ, sà. Ti álímọ́ńdì.”

Ọmọ Catania lòun náà, kò mọ bó ṣe máa dá a lẹ́bi. Ó mí kanlẹ̀, ó gbé fóònù láti lọ jẹ́wọ́ fún Lemarchand. Ìyẹn ò tiẹ̀ jẹ́ kó kí òun tán tó fi lanu, gbogbo yàrá ló gbọ́ ohùn ẹ̀.

“Orazio, má wulẹ̀ yọ̀. Àwa ti rí i lára wúrà tiwa lọ́dún tó kọjá, bí tìẹ ṣe rí gẹ́lẹ́. A ti ń kọ ọ́ síwèé.”

Scuderi fọwọ́ bo fóònù. Èjìká rẹ̀ ń mì, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó rí ohùn lò, jẹ́jẹ́ ló fi sọ̀rọ̀, bí ẹni ń bá ọlọ́fọ̀ kẹ́dùn.

“O kú oríire, ọ̀rẹ́ mi. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ bá mi wò ó bóyá táìlì yín ṣì wà nínú ẹ̀rọ.”

Lemarchand pa fóònù mọ́ ọn létí. Scuderi gbé fóònù sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní òun lòun ni ẹ̀rọ lọ́la, kí Ersilia gbà á, òun ti rí tòun jẹ nínú iṣẹ́ ọdún yìí.

Ersilia tẹ bọ́tìnnì, táìlì yẹra, wúrà bọ́ sípò. Kò pẹ́, àfọ́kù bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́tùn-ún, wọ́n ń yà sósì, bí gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí i. Kò sí ohun tuntun kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n àfọ́kù gidi ni. Ló bá bú sẹ́kún ayọ̀.