Pupa Ń Wá Pupa

"Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ yẹn wá, màámi. Ẹ jẹ́ kó parí síbẹ̀."

Ọmọ rẹ̀ obìnrin tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ bí tíṣà tó ń gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ kíláàsì. Tíṣà náà sì ni. Ìyá Oníbátìrì wo ọwọ́ náà, ó wo ojú ẹni tó ni ín, ó wá ti kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù bọ ìsàlẹ̀ àpò ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀.

"Apá á ro ọ́," ló wí. "Gbé e sílẹ̀."

Ó lé ní ogójì ọdún tí ìyá yìí ti ń ṣáájì bátìrì ọkọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró yẹn. Omi bátìrì ti jẹ ilẹ̀ ibẹ̀ wómúwómú, ẹ̀rọ ṣájà sì máa ń kùn lórí tábìlì bí ológbò tó yó. Orin ló sì fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Bó bá ń tú wáyà, orin ni. Bó bá ń nu orí bátìrì, orin ni. Ẹ ò rí i bí iṣẹ́ ṣe ń dùn!

Àfi lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, tó gbé wáyà pupa lé orí tó yẹ kí dúdú wà. Iná bẹ́, bátìrì bú gbàù, omi rẹ̀ ta sí ṣẹ́ẹ̀tì awakọ̀ takisí tó ni ín. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò ta sí i lójú. Ọjọ́ kejì ni ọmọ rẹ̀ mú un lọ sí ọsíbítù, wọ́n sì ya fọ́tò ọpọlọ rẹ̀.

Dókítà ọ̀hún, ọmọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún, fara balẹ̀ ṣàlàyé.

"Màmá, àìsàn ìgbàgbé ti ń yọjú díẹ̀díẹ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, àwọn nǹkan tíntìntín kan wà tó ń fún un lágbára. Mitokọ́ńdíríà là ń pè wọ́n. Ẹ jẹ́ ká kúkú pè wọ́n ní bátìrì."

"Ṣé wọ́n ń tọ́jú iná ni, àbí wọ́n ń ṣe iná?"

"Wọ́n ń ṣe é ni, láti ara oúnjẹ tí ẹ jẹ àti afẹ́fẹ́ tí ẹ̀ ń mí."

"Jẹnẹrétọ̀ nìyẹn, ọmọ mi! Ẹ má ba iṣẹ́ mi jẹ́."

Dókítà rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀. "Ó dáa, jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí ọpọlọ ọmọdé ń dàgbà, ṣe ni wọ́n ń pọ̀ sí i, torí iṣẹ́ pọ̀ fún wọn. Bí a bá ń darúgbó, agbára wọn á máa dín, èéfín wọn á máa pọ̀. Nínú irú àìsàn yìí, èyí tó bàjẹ́ á pọ̀ ju èyí tí sẹ́ẹ̀lì lè kó dànù lọ. Ṣùgbọ́n ìwà kan wà lọ́wọ́ wọn: èyí tó ti rẹ̀ lè so pọ̀ mọ́ èyí tó ṣì lágbára, kí wọ́n jọ máa ṣiṣẹ́."

"Bí ìgbà tí a bá fi bátìrì tó yè jí èyí tó kú!"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀. Mi ò ní oògùn tó lè wò ó sàn o, màmá. Ẹ máa rìn, ẹ máa sùn dáadáa, ẹ má jókòó lásán. Àmọ́ iṣẹ́ bátìrì yẹn, ẹ má dá a ṣe mọ́."

Ohun tó gbé wọn dé ìdí kọ́kọ́rọ́ nìyẹn.

"Ta ló máa wà pẹ̀lú yín?" Tíṣà bi í. "Ẹ̀ ń kọrin fún bátìrì, màámi. Àìsàn ni."

"Kí lo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò?"

Ìyá rẹ̀ kò dúró de ìdáhùn.

"Orin ni! Bí ọmọ ọdún mẹ́fà bá kọ ọ́, ó gbọ́n. Bí èmi bá kọ ọ́, orí mi ti dàrú?"

"Ìyá Oníbátìrì!" Ẹnìkan ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà. Awakọ̀ takisí ni, bátìrì mìíràn wà láyà rẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì ọjọ́ Ajé ló sì tún wọ̀, ó lu jára. "Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, tíṣà. Láti ìgbà tí màmá ti ṣí fèrèsé sí mi láyà, ooru ò mú mi mọ́."

"Ẹ̀rù ò wá bà yín?"

"Ó ń bà mí kẹ̀." Ó gbé bátìrì sórí tábìlì, ó sì sá padà sẹ́nu ọ̀nà.

Ìyá Oníbátìrì kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Wò ó. Bí mo bá ṣì í, kọ́kọ́rọ́ di tìrẹ."

Ó wọ awò iṣẹ́, ó wọ ìbọ̀wọ́. Ó rí i dájú pé òun ti pa ṣájà. Ó mú wáyà pupa.

"Pupa ń wá pupa o..."

Orin dá dúró. Ó mú wáyà dání lókè bátìrì. Ó wo orí ọ̀tún, ó wo orí òsì. Ibi tí ìlà kejì orin náà máa ń wà lọ́kàn rẹ̀ ṣófo. Ọmọ rẹ̀ rí i. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé ó rí i. Ṣùgbọ́n ìyá ò gbé wáyà sílẹ̀. Ó na ọrùn, ó tún un kọ, ó pariwo ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Pupa ń wá pupa o!"

Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni Tíṣà ti ń gbọ́ orin yìí, kó tó mọ̀ ọ́n rìn.

"Dúdú ń wá dúdú," ohùn rẹ̀ jáde, bí ẹni tí wọ́n já ohùn gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bí wọ́n bá wá ṣi ara wọn fẹ́?" ìyá rẹ̀ gbé orin.

"Iná á bẹ́, ilé á dàrú!"

"Ṣẹ́ẹ̀tì á lu!" awakọ̀ gbè é láti ẹnu ọ̀nà.

Pupa bá pupa, dúdú bá dúdú. Tíṣà fúnra rẹ̀ ló tan ṣájà. Ó kùn, ọwọ́ tó ń fi iná hàn lójú rẹ̀ sì gbéra nílẹ̀, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Wọ́n jọ ń wò ó.

"Aago méjì là ń jáde níléèwé," Tíṣà wí níkẹyìn.

"Aago méjì ààbọ̀ ni mo máa ṣí ṣọ́ọ̀bù nígbà náà. Láàárọ̀, màá rìn, màá sùn."

"Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́, màámi?"

Ìyá Oníbátìrì fọwọ́ gbá àpò rẹ̀, ó dún woro-woro. Ó wá ju ìbọ̀wọ́ mìíràn sí ọmọ rẹ̀.

"Kọ́kọ́rọ́ yìí, tèmi ni. Lọ gé tìrẹ."