Ọ̀rọ̀ Àìmúrasílẹ̀ Ọlọ́sẹ̀ Mẹ́ta

Tí ọkọ mi bá ti dìde láwùjọ, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé òun ò múra nǹkan kan sílẹ̀ o, àdédé ni wọ́n pe òun. Irọ́ gbuu! Èmi tí mò ń gbọ́ bó ṣe ń fi ọ̀rọ̀ dánra wò ní balùwẹ̀ ni kí ẹ bi.

Ọ̀gá wọn ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà fẹ́ fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ti ní ọjọ́ ìdágbére làwọn máa fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹni tó máa rọ́pò àwọn lọ́wọ́. Ogún ọdún ni ọkọ mi ti lò níbẹ̀. Ó fẹ́ kọ́kọ́rọ́ yẹn débi pé oúnjẹ ò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí bébà, ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko há a sórí.

Mo ní, "Baba wa, ẹ kúkú sọ pé ẹ múra."

"Ìyá ọmọ, kí ọ̀rọ̀ tó lè jọ èyí téèyàn ò múra sílẹ̀, ó gba ìmúra gan-an ni!"

Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó tún ń kà á síta nídìí iṣẹ́, bó ṣe ń fági. Ẹnudùn, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ahọ́n ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ju ayùn ẹ̀ lọ, ń gbọ́.

Ọjọ́ ìdágbére pé, èmi náà wà níbẹ̀. Ẹnudùn ló kọ́kọ́ dìde. "Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò múra nǹkan kan sílẹ̀ o..." Ọ̀rọ̀ ọkọ mi ni, kò fi ẹyọ kan sílẹ̀, títí kan ikọ́ tó máa ń wú láàárín. Díẹ̀ ló kù kí n sọ bàtà mọ́ ọn.

Ó kan ọkọ mi. Ó dìde, ó rìn lọ síwájú. Ló bá rí i pé àga tí Ọ̀gá jókòó lé ń mì. Ó lọ kúnlẹ̀, ó fa bébà yọ lápò, ó ká a, ó fi há abẹ́ ẹsẹ̀ àga.

"Ẹ jókòó dáadáa, Ọ̀gá."

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fa bébà náà yọ, wọ́n kà á síta: "Mi ò múra nǹkan kan sílẹ̀ o... Níbí, kí n wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

Gbogbo ojú yí sí Ẹnudùn. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n dá bébà padà sábẹ́ àga, wọ́n na kọ́kọ́rọ́ sí ọkọ mi.

"Gbogbo yín lẹ rí i pé àga mi ń mì. Ìwọ nìkan lo ṣe nǹkan sí i."

Ọkọ mi fẹ́ dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ kọ̀, kò jáde. Ikọ́ gidi ló jáde. Ìyẹn ò sí nínú bébà.