Nọ́ńbà Rilwan

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni alùpùpù kan fi ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Adélékan láràárọ̀. Yóò dé, ẹ̀rọ rẹ̀ yóò kú, kò sì ní sẹ́ni tí yóò wọlé. Kí Adélékan tó yọjú síta, ó ti lọ, eruku nìkan ló kù lójú títì. Ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé Rilwan ni. Rilwan sì ti kú láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn.

Iṣẹ́ Adélékan kò le. Gbogbo ọlọ́kadà Kùtọnù, àwọn tí wọ́n ń pè ní zémíjàn, ló ń wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè tí nọ́ńbà wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní àdúgbò Akpakpa, òun ló ń fi ọ̀dà dúdú kọ ọ́ fún wọn. Òfin iṣẹ́ náà ni pé kó gba káàdì ẹni tó ni nọ́ńbà wò kó tó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà. Ẹ bi í bóyá ó máa ń wò ó! "Ojú ni mo fi ń mọ èèyàn mi," ló máa ń wí, inú rẹ̀ a sì dùn sí ara rẹ̀.

Bó ṣe di pé ọkùnrin kan mú ẹ̀wù gbígbó wá nìyẹn, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ti ń ṣí: 4817. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló ní kí òun tún un kọ sára tuntun. Nọ́ńbà Rilwan ni. Orí okùn tí wọ́n sá a sí ni ọkùnrin náà ti jí ẹ̀wù ọ̀hún, ṣùgbọ́n Adélékan kò bèèrè nǹkan kan. Ó kọ ọ́, ó sì gbàgbé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin kan figbe ta níwájú ṣọ́ọ̀bù náà. Ọlọ́kadà kan ti já báàgì rẹ̀ gbà. "Mo rí nọ́ńbà ẹ̀! 4817!" Èrò pé jọ. Adélékan jáde, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ó ní, "Ẹni yẹn? Mo mọ̀ ọ́n. Gbégamè ló máa ń dúró sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà." Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn pé òun mọ̀ ọ́n, ìyẹn ló burú jù níbẹ̀. Wọ́n gun alùpùpù, wọ́n lọ. Òun padà sídìí ọ̀dà rẹ̀.

Orí ọkadà rẹ̀ ni wọ́n bá Rilwan, ó ń jẹ ẹ̀wà. "Àjótọ́! Olè!" Ẹnìkan gbá a létí, ẹnìkan ju òkúta, ẹnìkan fa igi yọ. Nígbà tí ọlọ́pàá fi máa dé, ó ti kú.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, wọ́n mú olè gidi nítòsí pọ́ọ̀tù pẹ̀lú 4817 lẹ́yìn. Àwòrán rẹ̀ dé orí fóònù Adélékan. Ó rí ìrù kékeré tí òun nìkan máa ń fà sídìí méje, ó sì mọ̀ pé ọwọ́ òun ló kọ ọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà náà, ẹ̀yìn ọlọ́kadà yòówù tó bá kọjá, 4817 ló ń rí níbẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, alùpùpù náà tún dúró. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹni tó gùn ún wọlé. Islamiyat ni, ìyàwó Rilwan, ẹ̀wù ìyeyè tuntun lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bá mi kọ nọ́ńbà bàbá Ràhámátù. Èmi ni mo fẹ́ máa gun ọkadà ẹ̀ báyìí. Ọ̀sẹ̀ kan rèé tí mo ti ń dé ẹnu ọ̀nà yín, tí ẹsẹ̀ mi ń kọ̀. Òórùn ọ̀dà yìí ló máa ń wà lára ẹ̀wù ẹ̀."

Ó gbé káàdì sórí tábìlì. "Ó máa ń sọ pé ẹ kì í wò ó, pé ẹ mọ ojú òun. Ṣùgbọ́n ẹ wo èyí dáadáa, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀."

Adélékan wò ó. Ó kọ mẹ́rin, ó kọ mẹ́jọ, ó kọ oókan. Ó lè kọ ọ́ tán kó sì panu mọ́. Obìnrin yìí yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì máa lọ. Ọpẹ́ yẹn ló bà á lẹ́rù. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

"Ìyàwó wa, èmi ni mo kọ ọ́ fún olè yẹn láì wo káàdì. Èmi náà ni mo júwe Gbégamè fún wọn. Ọwọ́ mi ò kàn án, ṣùgbọ́n èmi ni."

Islamiyat jókòó sórí àpótí, ó wo ẹ̀wù náà títí.

"Gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbá a létí ní òun ò ju òkúta. Ẹni tó ju òkúta ní ẹyọ kan péré ni. Ẹ̀yin, ẹnu lásán. Ta ló wá pa ọkọ mi?"

Adélékan ń sunkún bí ọmọdé.

"Ẹ parí ẹ̀," ni obìnrin náà wí.

"Èmi? Kí n ṣì kọ ọ́?"

"Àwọn tó pa á ni mo máa gbé lọ sọ́jà láràárọ̀. Bí mo bá ní kí n wá ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ mọ́ nílùú yìí, kí làwọn ọmọ mi máa jẹ?"

Ó kọ méje, kò fa ìrù sídìí rẹ̀. Islamiyat tọ́ka sí i. "Ẹ fa ìrù ẹ̀. Bó ṣe wà lẹ́yìn ọkọ mi nìyẹn." Ó fà á.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, alùpùpù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rọ rẹ̀ kú. Islamiyat kò wọlé, kò kí i. Ó kàn kọ ẹ̀yìn tí nọ́ńbà wà sí ṣọ́ọ̀bù, ó dúró bí ẹni tó ní kí wọ́n kà á. Adélékan jáde sínú oòrùn, ó ka nọ́ńbà náà sókè lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi kan méje. Ìgbà yẹn ni obìnrin náà tó ṣáná sí ọkadà rẹ̀, ó sì lọ wá èrò tí yóò gbé.