Ọ̀lẹ Ni Orúkọ Ẹ̀

Ọ̀gá wa ló kọ́kọ́ pè mí ní Ọ̀lẹ. Níbi iṣẹ́ wa, ká tó lè rí orúkọ ẹnì kan fà jáde nínú dátábéèsì, ibi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú àkọsílẹ̀ sí, odindi ojú ìwé la máa ń fi kóòdù kún: ṣílẹ̀kùn, béèrè, gbà á, tilẹ̀kùn. Bí a bá fẹ́ orúkọ mìíràn, a ó tún un kọ látìbẹ̀rẹ̀. Mo ní mi ò ṣe. Ọ̀gá ní ọ̀lẹ ni mí, gbogbo ọ́fíìsì sì gbà á lẹ́nu ẹ̀.

Inú bí mi. Lẹ́yìn iṣẹ́, mo jókòó sídìí tábìlì ìjẹun ìyá mi, lórí kọ̀ǹpútà tèmi, mo di gbogbo wàhálà yẹn sínú àkójọ kóòdù kan. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kó kọ orúkọ àkójọ náà sókè kóòdù iṣẹ́ tiẹ̀, kó béèrè ohun tó ń wá ní ìlà kan péré. Mo sọ ọ́ ní Ọ̀lẹ.

Ìyá mi yọjú wò ó. "Orúkọ ní í ro ọmọ o."

"Kó ro ó, Màámi. Kó má ṣiṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀mejì láéláé."

Ó ní kí n kó ẹrù mi kúrò níbẹ̀, àwọn fẹ́ jẹun.

Àwọn ará ọ́fíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Nígbà tí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan di iṣẹ́ àárọ̀ kan, ọ̀gá pè mí wọ yàrá ẹ̀.

"Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Orúkọ ilé iṣẹ́ yìí la máa fún un, a ó sì tì í mọ́lé. Ará ìta kankan ò gbọdọ̀ rí i."

"Ilé ta la fẹ́ wò, sà? Ilé ìyá mi la bí i sí."

"Ṣé o mọ̀ pé mo lè lé ẹ lọ?"

"Mo mọ̀, sà."

Mi ò ní purọ́. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n kéèyàn fi mí ṣẹlẹ́yà, kó tún wá jogún ohun tí mo fi ẹ̀sín ẹ̀ ṣe? Kò jọ ọ́! Mo padà sídìí àga mi, mo gbé Ọ̀lẹ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo kọ ọ́ síwájú ẹ̀ pé ọ̀fẹ́ ni, kí wọ́n lò ó, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n má ṣáà yí orúkọ ẹ̀ padà. Kó tó dọ̀sán, mo ti ń kó ẹrù mi sínú páálí.

Lánàá, akẹgbẹ́ mi àtijọ́ pè mí, ẹ̀rín ń pa á. Ọ̀gá ní kí wọ́n pa Ọ̀lẹ rẹ́ nínú gbogbo iṣẹ́. Wọ́n pa á rẹ́, iṣẹ́ dẹnu kọlẹ̀. Nígbà tó ní kí wọ́n dá a padà, gbogbo wọn ní àwọn náà ti ya ọ̀lẹ. Ọ̀gá fúnra ẹ̀ ló wá jókòó, tó ń tẹ Ọ̀lẹ, orúkọ tó sọ mí, padà sókè iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan.