Bátìrì Inú Kásẹ́ẹ̀tì Màmá

Bọ́ọ̀dà Géèmù ni gbogbo àdúgbò ń pe èyí ẹ̀gbọ́n nínú ọmọ ìyá méjì kan, nítorí kò sí géèmù tó bà jẹ́ tí kò lè tún ṣe. Ti àtijọ́ tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló ń sá síwá sẹ́yìn. Èyí tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì, tí àwọn ọmọdé ń fẹnu fẹ́ títí itọ́ fi dá ìpẹtà sí i. Ti àtẹ́lẹwọ́ tó ń jẹ bátìrì bí ọ̀jẹun. Gbogbo wọn ló wà ní ìsọ̀ rẹ̀. Àwọn ti òde òní tí kò ní kásẹ́ẹ̀tì rárá, ó ní ìyẹn ò dùn ún tún ṣe.

Àmọ́ lọ́jọ́ tí àbúrò rẹ̀ gbé géèmù àtẹ́lẹwọ́ olóògbé ìyá wọn dé, owú àtijọ́ tún ru sókè. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n lọ kọ́ṣẹ́ lọ́nà jíjìn, àbúrò ló kù sílé pẹ̀lú Màmá. Lọ́jọ́ kan tó wálé, ó bá àwọn méjèèjì tí wọ́n forí korí, tí wọ́n ń gbá géèmù, tí ẹ̀rín ń pa wọ́n, débi pé Màmá ò tètè gbọ́ ìkíni rẹ̀. Ó dùn ún wọra, kò sì tán nínú ẹ̀ títí Màmá fi kú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wò ó," ni àbúrò wí. "Bátìrì kékeré inú kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yìí, tó ń tọ́jú orúkọ àwọn tó gbá a, ti fẹ́ kú. Tó bá kú, orúkọ Màmá lọ nìyẹn."

Ẹ̀gbọ́n tan géèmù. Lókè pátápátá, níbi tí orúkọ ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá jù ń wà, ó rí i: OGA. Bí Màmá ṣe ń pe ara rẹ̀ nìyẹn. Ti àbúrò ló tẹ̀ lé e. Kò sí tiẹ̀ níbẹ̀. Ṣé òun kì í ṣe ọmọ Màmá ni?

"Ṣé ẹ lè pààrọ̀ ẹ̀, kí orúkọ náà má pa rẹ́?"

Ó kúkú lè ṣe é. Ojoojúmọ́ ló ń ṣe é: á kọ́kọ́ fi wáyà so bátìrì mìíràn mọ́ ọn kí iná má bàa já, á wá yọ ti àtijọ́.

"Kò ṣeé ṣe," ló wí. "Irú èyí, tí bátìrì bá ti kúrò, gbogbo ẹ̀ ló ń lọ."

Ẹyin lọ̀rọ̀ o. Bó bá bọ́, kì í ṣeé kó.

Àbúrò fọwọ́ nu ojú géèmù náà. "Ó dáa. Ẹ yọ ọ́."

Owú ti bo ọ̀gbẹ́ni yìí lójú, kò wẹ̀yìn wò. Ó tú skúrù, ó fi irin gbígbóná yọ bátìrì náà, ó fi tuntun sí i. Nígbà tó tan án, kò sí orúkọ kankan mọ́. Ara tù ú díẹ̀. Òun àti àbúrò ti dọ́gba wàyí.

"Ẹ má jẹ́ kó dùn yín o," ni àbúrò wí. "Ẹnì kan sọ fún mi pé ọ̀nà wà, pé kí n gbé e wá fóun. Mo kọ̀. Màmá ti kìlọ̀ fún mi lórí àìsàn pé, 'Ẹ̀gbọ́n rẹ ni kó o gbé e fún. Tóun bá ní kò sọ́nà, á jẹ́ pé kò sọ́nà lóòótọ́.' Gbogbo ìgbà tá a bá ń gbá a, ọ̀rọ̀ yín ni Màmá máa ń sọ. Ká sòótọ́, mo máa ń jowú yín."

Àbúrò gba géèmù náà wò, ó sì nà án padà sí i. "Ó ti ṣófo báyìí. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbá a, kórúkọ yín wà lókè."

Ẹ̀gbọ́n gbà á, àmọ́ ìka rẹ̀ ò lè tẹ nǹkan kan.