Owó Àgùdà Kò Ní Ra Ọkọ̀ Ogun

Lọ́dún 1988, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí pálọ̀ tí ènìyàn máa wọ̀ ní Àgùdà tí kò ní bá kàlẹ́ńdà kọ́ńpìnì Tánwíìkì lára ògiri. Bọ̀ọ̀dá Láìtán ló ń pín in. Láìtán ni agbaṣẹ́ṣe tó ń bá kọ́ńpìnì òyìnbó náà ta ọkọ̀ akólẹ̀ fún káńsù, bí ọdún bá sì ti fẹ́ kógbá wọlé, á di kàlẹ́ńdà sínú búùtù mọ́tò, á máa pín in láti ṣọ́ọ̀ṣì dé mọ́ṣáláṣí, láti ilé ọ̀rẹ́ dé ilé ọ̀tá. Ọ̀làwọ́ ni, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn. Àbùkù ibẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kò sí ẹni tó ń wo kàlẹ́ńdà kọjá oṣù tó wà níwájú rẹ̀, Láìtán fúnra rẹ̀ kò sì ṣí i kọjá Jánúárì rí.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Adùnọlá, ló ṣí i. Tíṣà ni Adùnọlá kí àwọn ará Àgùdà tó dìbò yàn án sí káńsù, tíṣà kì í sì í rí ìwé kó má yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Lọ́sàn-án Sátidé kan, ó ń wá ọjọ́ tó wọ̀ nínú oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà tí wọn yóò fi ṣe ìsìn ìrántí bàbá wọn ní Iléṣà. Bó ṣe ṣí kàlẹ́ńdà dé Sẹ̀tẹ́ńbà, ó gbàgbé ohun tó ń wá. Ọkọ̀ Tánwíìkì ni wọ́n yà sójú ewé náà, ó tò lọ rẹrẹ, ṣọ́jà òyìnbó kún inú rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ gàdàgbà pé àwọn oníbàárà pàtàkì wọn ní Pretoria nìyí. Àwọn tó tẹ kàlẹ́ńdà náà lókè òkun kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó kó irú kan náà ránṣẹ́ sí gbogbo ayé.

Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí rédíò ròyìn pé ṣọ́jà South Africa kọjá ẹnubodè wọ Botswana, wọ́n pa àwọn ènìyàn sínú ilé tí wọ́n sùn sí, wọ́n sì padà sílé bí ẹni tó lọ pọn omi. Ọjọ́ tí Adùnọlá gbọ́ ìròyìn náà, ó sunkún. Lọ́tẹ̀ yìí, inú ló bí i. Owó tí káńsù ń gbà lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù àti onílé Àgùdà ni wọ́n fi ń ra ọkọ̀ lọ́wọ́ Tánwíìkì. Tánwíìkì yìí kan náà ló ń gbé ṣọ́jà lọ sílé onílé.

Kò fi ọ̀rọ̀ náà sùn. Ó gbé àbá wá sí káńsù pé kí wọ́n má ṣe ra ohunkóhun mọ́ lọ́wọ́ kọ́ńpìnì tó bá ń tajà fún ṣọ́jà South Africa, kí wọ́n sì rọ Mushin, Ṣómólú àti àwọn káńsù yòókù láti ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Alága Túbọ̀sún, ọkùnrin tó máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí tíì tútù pàápàá kó tó mu ún, ka àbá náà tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

“Ọ̀rọ̀ gidi ni, Káńsẹ́lọ̀,” ni alága wí. “Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ti bá ẹ̀gbọ́n yín sọ ọ́?”

Ohun tí gbogbo ènìyàn ń bi í nìyẹn, nítorí kò sẹ́ni tí kò mọ ìtàn wọn. Ìwé ni Adùnọlá ń kà lọ́wọ́ nígbà tí bàbá wọn kú. Láìtán, tó ń kàwé lọ́wọ́ bákan náà, fi tirẹ̀ sílẹ̀, ó lọ ń ru sìmẹ́ńtì ní Ijora kí wọ́n má baà lé àbúrò rẹ̀ kúrò ní kíláàsì. Ọrùn rẹ̀ ni Adùnọlá gùn dé ibi tó dé. Ọkọ̀ akólẹ̀ sì ni gbogbo iṣẹ́ tí Láìtán ní. Bí àbá yìí bá wọlé, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti dẹnu kọlẹ̀ nìyẹn, àbúrò tó fi ọrùn gbé ni yóò sì ti ìlẹ̀kùn rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sunday, bí wọ́n ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, Láìtán yà sílé Adùnọlá.

“Adùn, wọ́n ní o fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu mi.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó ná.”

“Mo ti jókòó. Ta ni bàbá ẹ ní Botswana?”

“Bọ̀ọ̀dá, nígbà tí gómìnátì ń yọ lára owó oṣù wa láti fi ran àwọn dúdú South Africa lọ́wọ́, ẹ̀yin lẹ ní ó dáa. Ẹ tún fi tiyín kún un.”

“Ìyẹn ṣénjì ni. Èyí, bísínẹ́ẹ̀sì mi ni.”

“Kọ́ńpìnì míì náà ń ta ọkọ̀ akólẹ̀. Ẹ lè jẹ́ éjẹ́ǹtì wọn.”

“Ta ló mọ̀ mí níbẹ̀? Ó gbà mí lọ́dún gbọọrọ kí Tánwíìkì tó mọ orúkọ mi.” Ó dìde, ó gbọn agbádá rẹ̀. “Kò burú. Màá wá sí káńsù lọ́jọ́ Wednesday. Ojú gbogbo ayé la máa ti sọ ọ́.”

Adùnọlá mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, ẹ̀rù sì bà á. Láìtán kì í jà, kì í ṣépè. Ìdọ̀bálẹ̀ ni ohun ìjà rẹ̀. Èèwọ̀ ni kí àgbà dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé, ọmọdé tó bá sì jẹ́ kí àyà àgbà kan ilẹ̀ nítorí òun, kó yáa gbà kíákíá, tàbí kó máa gbé orúkọ burúkú kiri títí yóò fi kú. Láìtán ti lò ó fún ọmọ lánlọ́ọ̀dù tó fẹ́ lé e jáde, lọ́mọ náà bá ń bẹ̀ ẹ́ kó má kó lọ mọ́. Ó lò ó fún ọ̀dọ́kùnrin kọ́sítọ́ọ̀mù kan ní Apapa, ẹni yẹn fúnra rẹ̀ ló bá a gbé ẹrù sínú ọkọ̀. Kò tíì sí ẹni tí Láìtán dọ̀bálẹ̀ fún tí kò rọ̀.

Lọ́jọ́ Wednesday náà, gbọ̀ngàn káńsù kún. Láìtán jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú àwọn ará ìta, fìlà rẹ̀ dúró ṣánṣán lórí. Síkírù, káńsẹ́lọ̀ Sábó, ọmọ Ìjẹ̀bú tí ẹnu rẹ̀ dùn, ló kọ́kọ́ dìde láti tako àbá náà.

“Ọkọ̀ akólẹ̀ mélòó gan-an là ń rà lọ́dún?” ni Síkírù bèèrè. “Ṣé nítorí ọkọ̀ pàǹtí tiwa ni South Africa máa ṣe dá ogun dúró? Ẹ jẹ́ ká kó ìdọ̀tí Sábó ná, ká tó wá kó ti Pretoria.”

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Adùnọlá náà rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ náà dùn lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ló dìde.

“Òótọ́ ni, tiwa kò pọ̀,” ló wí. “Mushin ń ra tiwọn, Ṣómólú ń ra tiwọn. Ẹ bi ara yín, ta tún ni oníbàárà Tánwíìkì ní Èkó? Ta ló ń ra ọkọ̀ akólẹ̀ sí kọ̀rọ̀ yàrá rẹ̀? Ìjọba nìkan ni. Bí gbogbo wa bá pawọ́ pọ̀, ọkọ̀ wọn á dúró sí Apapa títí yóò fi dípẹtà, wọ́n á wá yan èyí tí wọ́n fẹ́ nínú àwa àti ṣọ́jà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. A ò ní ìbọn tí a máa gbé lọ sí Botswana, àmọ́ a ní owó, a sì lè kọ̀ láti ná an. Bí ẹ bá délé, ẹ ṣí kàlẹ́ńdà yín sí Sẹ̀tẹ́ńbà.”

Kò tilẹ̀ di ìgbà tí wọ́n délé. Ọ̀kan wà lára ògiri gbọ̀ngàn náà gan-an, lókè orí alága báyìí. Akọ̀wé gun àga, ó já a sílẹ̀, ó ṣí i. Wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn, ẹ̀rín sì tán lẹ́nu gbogbo wọn. Síkírù wò ó pẹ́ kó tó gbé e fún ẹni tó kàn. Kàlẹ́ńdà náà dé ẹ̀yìn, ọ̀dọ̀ àwọn ará ìta, Láìtán sì rí ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ pín fún gbogbo Àgùdà. Ojú rẹ̀ wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí oúnjẹ fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kì í tètè gbọ́n.

“Kí àwọn tó fara mọ́ àbá náà nawọ́ sókè,” ni alága wí.

Ibẹ̀ ni Láìtán dìde. Ó ṣí fìlà, ó ká agbádá sí èjìká, ó ń bọ̀ wá síwájú láàárín àga. Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tó ń bọ̀ wá ṣe. Àwọn ọwọ́ tó ti ń lọ sókè dúró sí agbedeméjì, àwọn mìíràn rọra padà sílẹ̀, torí ta ni yóò dìbò lórí àgbà tó nà gbalaja? Adùnọlá wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò sí ẹni tó fẹ́ràn tó ọkùnrin yìí láyé, ó sì mọ̀ pé bí àyà rẹ̀ bá fi lè kan ilẹ̀, òun kò ní lè kọ̀.

Ló bá sáré. Kí Láìtán tó bẹ̀rẹ̀, Adùnọlá ti wà lórí eékún méjèèjì níwájú rẹ̀, ó sì ti fi ọwọ́ òsì di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú ṣinṣin. Àgbà kò lè dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó ti kúnlẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Kò tilẹ̀ sí àyè tí yóò nà sí.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má dọ̀bálẹ̀,” ló wí. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. “Èmi ni mo kúnlẹ̀. Ohun tí mo bá ní, tiyín ni títí ẹ ó fi rí ọkọ̀ míì tà. Èmi náà á bá yín wá a, láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì. Ẹ bínú sí mi, ó tọ́ sí yín. Àmọ́ mi ò lè fi ìyẹn pa ìbò mi jẹ.”

Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè.

Alága Túbọ̀sún ti ka ọwọ́ díẹ̀, ó dé orí ọwọ́ Adùnọlá, ó dúró. Kò rí irú rẹ̀ rí.

“Káńsẹ́lọ̀,” ló wí, “ṣé ẹ̀bẹ̀ ni ọwọ́ yẹn, àbí ìbò?”

“Ẹ̀bẹ̀ ni ti òsì, alága. Ìbò ni ti ọ̀tún.”

Síkírù ló kọ́kọ́ nawọ́ lẹ́yìn ìyẹn, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Alága ṣì ń wo Láìtán, bí ẹni pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àṣẹ wà. Láìtán dúró lórí àbúrò rẹ̀, omi lé ròrò lójú rẹ̀, ó ń wo ọwọ́ tó wà lókè náà.

“Alága,” ló wí, “ẹ ka ọwọ́ ọmọ náà. Èmi ni mo rán an níwèé.”